Bó Bá Dùn Yín, Ẹ Pariwo

"Ẹ dijú, Mọ́mì," ni dókítà wí.

Ó pé oṣù mẹ́ta lónìí tó là mí lẹ́sẹ̀, tó tú iṣan tí ìtọ̀ ṣúgà ti fún pa, tí ẹsẹ̀ náà fi kú, sílẹ̀.

"Bí iṣan náà bá ti jí, abẹ́rẹ́ yìí á dùn yín. Bó bá dùn yín, ẹ pariwo."

Télọ̀ ni mí, abẹ́rẹ́ ni mo fi tọ́mọ. Àmọ́ àyà mi ń já.

Mo di ọwọ́ ọmọbìnrin mi mú pinpin.

Mò ń retí.

Mo ṣì ń retí.

"Dókítà, ẹ ṣàánú mi, ẹ tètè gún un ká sinmi!"

Ọmọ mi bú sẹ́kún.

Mo lajú.

Ẹ̀jẹ̀ tò sórí ẹsẹ̀ mi bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ.

"Mọ́mì," ọmọ mi ń sunkún, "ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ti gún un."