Ẹni Tó Ń Padà Sẹ́nu Iṣẹ́ Lónìí

Fóònù ọ̀gá ọ́fíìsì tún ké: "Òṣìṣẹ́ yín tó lọ bímọ ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Ṣé ẹ ti kí i káàbọ̀?"

Iléeṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ètò ìránnilétí inú fóònù náà ṣe ni. Kò ní dákẹ́ àfi tí ọ̀gá bá kí i.

Bí ọ̀gá bá sì tún gbàgbé ẹnì kan ṣoṣo, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹlẹ́dàá mi, má sùn."

Ó ń nu àga, ó ń to òdòdó, òógùn ń bọ́.

"Akọ̀wé, ṣé o ti rí i?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin la rò pé ẹ máa mọ ibi tó wà."

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin náà wọlé, ó ń mí hẹlẹ.

"Káàbọ̀ o. Ṣé dáadáa lo dé?"

"Olówó orí mi, inú mọ́tò tá a jọ wọ̀ wá láti ilé lẹ tì mí mọ́."