Ọjọ́bọ̀ Ni Màmá Ingegärd Ń Se Ẹ̀wà

Aṣọ Miro ò sí nínú ẹ̀rọ mọ́.

Àná ló yẹ kó wá kó o ní yàrá ìfọṣọ tí gbogbo ilé jọ ń lò, àmọ́ ibà dá a dùbúlẹ̀.

Ní ìlú Örebro níbí, ẹni tó bá jẹ àkókò ìfọṣọ ẹlòmíì ti dá ìjà sílẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ síra wọn o. Ara ògiri ni wọ́n ń lẹ ìwé èébú mọ́.

Àwọn ará ilé Miro ló rán an ṣáájú, kó wá wo ibi tí wọ́n fẹ́ kó wá.

Lóṣù tó kọjá ló kọ̀wé sí wọn: "Ilẹ̀ dára, èèyàn ibẹ̀ ni ò láàánú. Ẹ máa bọ̀."

Ó rí aṣọ rẹ̀ lórí tábìlì. Ẹnìkan ti sá a, ó sì ti ká a.

Ìwé kan wà lórí ẹ̀: "Ọ̀lẹ. Mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ lókè. Ọbẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ. Ingegärd."

Ó bá Ingegärd, ìyá àgbà tí wọ́n jọ ń gbé ilé, lórí àtẹ̀gùn.

"Màmá, ẹ ṣeun."

"Ọpẹ́ kọ́, nu ẹ̀rọ tó o bá fọṣọ tán. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń se ẹ̀wà. Tó ò bá wá jẹ ẹ́, màá lẹ orúkọ rẹ mọ́ ògiri."

Miro sáré wọlé, ó kọ̀wé sílé: "Mo ṣì wọ́n lóye. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ̀ mọ́."

Èsì dé lójú ẹsẹ̀.

"Ó ti bọ́. Ọkọ̀ wa ti kọjá òṣùpá wọn. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, kò ní sí èèyàn kankan láyé mọ́."

Màmá Ingegärd ń kan ilẹ̀kùn.

"Miro, ṣé o máa ń fi músítádì sí ẹ̀wà rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ló sọ. Kò tọ́ ọ wò rí.