Elégédé Tí Wọ́n Ní Kí Ludie Jẹ

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni owó onígi máa kú. Ẹni tó bá fi káàdì oúnjẹ ìjọba nájà lọ́jà àwọn àgbẹ̀ ní Hensley Fork, ní òkè Kẹ́ntọkí, wọ́n á fi owó onígi pupa kún un fún un, kó lè fi ra ewébẹ̀ àti èso nìkan. Ìjọba fẹ́ kí tálákà máa jẹ ohun tó ń ṣara lóore. Bí ọjà bá ti tú lọ́jọ́ náà, igi ìdáná ni.

Ẹyọ mẹ́fà ló kù lọ́wọ́ Ludie Sizemore. Ó nawọ́ sí elégédé ńlá kan nísọ̀ Verlin Combs. Alẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ọmọdé máa tọrọ súìtì láti ilé dé ilé. Gbogbo aládùúgbò ló ti gbé elégédé tí wọ́n gbẹ́ ojú sí, tí wọ́n tan àbẹ́là sínú rẹ̀, síta. Ọmọ-ọmọ Ludie nìkan ni kò ní.

"Màmá Ludie, ẹ fẹ́ lọ gbẹ́ ojú sí i ni," Verlin wí. "Eré ọmọdé kì í ṣe oúnjẹ."

"Ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi sè."

"Irọ́ yín ti hu irùngbọ̀n. Ẹ jẹ ẹ́ níbí kí n rí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ń ké sí alábòójútó ọjà. Orúkọ yín á kúrò nínú ìwé."

"Ní tútù?"

"Ìjọba ò ní kẹ́ ẹ sè é."

Ludie jókòó sórí àpótí ápù ní òdìkejì tábìlì, ó gbé elégédé náà sáàárín orúnkún, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó sì gé orí rẹ̀.

"Inú rẹ̀ ńkọ́?" Verlin ní. "Ṣé ẹ fẹ́ dà á nù ni?"

Ludie kó gbogbo inú rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó ní òun á yan kóró rẹ̀. Ó wá gé ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́. Ó le bí igbá. Ó gé ìkejì.

"Ẹ máa jẹ, ẹ ò tíì yó!"

"Ahun ni bàbá ẹ, Verlin. Ta ni ìwọ fi ọ̀làwọ́ jọ?" Ó gé ìkẹta.

Obìnrin kan tó ń ra ápù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Verlin mí kanlẹ̀. "Ó tó, jàre. O ti ba nǹkan ọmọ ọlọ́mọ jẹ́."

"Kò tíì tó. Èyí tó gùn ló kàn, Màmá. Èyí tó máa kún ẹnu."

Ludie rọra gé èyí tó gùn, ọ̀bẹ ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Ó jẹ ẹ́ tán. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Verlin gba owó onígi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. "Ẹ wá máa gbé àfọ́kù yín lọ."

Ludie nu ẹnu, ó ní ó ṣeun, ó gbé elégédé náà sórí tábìlì, ó yí i pa dà, ojú méjì, imú kan àti ẹnu eléyín mẹ́sàn-án sì ń rẹ́rìn-ín sí Verlin.