Páànù Yàrá Àlejò

Ìyá oníbàárà tún bu òkúta wẹ́wẹ́ nínú báàgì rẹ̀, ó dà á sórí páànù kẹta, ó sì tẹ́tí sílẹ̀.

"Màmá, èyí nípọn dáadáa," ni onípáànù wí. "Bí òjò ń ya lulẹ̀, ńṣe lẹ ó máa sùn fọnfọn lábẹ́ rẹ̀."

"Ìyẹn ò dáa. Èwo ló ń pariwo jù?"

Onípáànù kọ́kọ́ rò pé ìyá náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó fa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yọ lẹ́yìn, èyí tó máa ń tì í lójú láti gbé jáde. Bí òkúta ṣe kàn án, ariwo sọ gèè, ajá tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ta gìrì. Inú ìyá náà dùn ṣìnkìn.

"Dì í fún mi. Orí yàrá àlejò ni mo fẹ́ kàn án sí."

"Ẹ ò wá ní jẹ́ kí àlejò sùn?"

"Àbúrò bàálé mi ni. Ọjọ́ méjì ló ní òun fẹ́ lò. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, òjò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

Ìyá náà ò tíì rìn jìnnà tí onípáànù fi mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ìyókù páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà pé, "A TI RÀ Á." Ó wá pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì wà nílé, àbí? Bá mi sọ fún wọn pé mo fẹ́ fi páànù tuntun kan òrùlé yàrá wọn."