Sìgá Oníbátìrì Tó Wà Nínú Ìbọ̀sẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa wọ bàálù láìpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí títí dé ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

1.

Ọkùnrin kan wà tó ń tún lífíìtì ṣe ní ìlú òkèèrè. Onílífíìtì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyẹn tó ti kúrò nílé. Inú ihò gígùn tí lífíìtì ń gbà lọ sókè sódò ló máa ń wà láti àárọ̀, òun nìkan, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti gírísì. Á máa gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn lẹ́yìn ògiri, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bó bá padà sílé, yàrá kan, àga kan, ife kan. Tó bá sín, òun náà ló máa kí ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Àdáwà yìí ló sọ ọ́ di ẹni tó ń fa sìgá oníbátìrì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní féèpù. Ìyá rẹ̀ gbọ́ sí i, ó bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó jáwọ́.

Ó ní, "Mo ti fi í sílẹ̀, Ìyá mi."

Irọ́ ni.

2.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń tọ́jú ìyá wọn, pè é.

"Àbúrò mi, Ìyá ti ń gbàgbé wa. Lánàá, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí."

"Èmi ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé wọ́n ṣì rántí mi?"

"Ìwọ nìkan ló kù. Àràárọ̀ ló ń béèrè bóyá o ti dé. Dókítà ní àìsàn yìí kì í dúró de ènìyàn. Máa bọ̀."

Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà.

3.

Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá bá a níbi tó ti ń di ẹrù. Ó rí i tó ń ki féèpù méjì sínú ìbọ̀sẹ̀, tó wá ki ìbọ̀sẹ̀ náà sínú bàtà, tó sì ti bàtà sí ìsàlẹ̀ àpótí ńlá tí wọ́n máa gbé sínú ikùn bàálù.

"Àbúrò, wọn kì í gbé bátìrì síbẹ̀ yẹn. Inú báàgì ọwọ́ ló yẹ kó wà, níbi tí ojú ti lè tó o. Bí o bá tilẹ̀ lè fi í sílẹ̀ níbí, á dára jù."

"Tó bá wà nínú báàgì ọwọ́, wọ́n á kó o jáde lójú gbogbo èrò. Ẹ̀gbọ́n mi náà sì máa tú báàgì yẹn tí mo bá délé. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i."

Bàbá náà yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ kíyè sí i: pé ilẹ̀ kò tíì yọ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀ kò sọ pé ilẹ̀ náà kì í yọ̀.

4.

Ní pápákọ̀ òfurufú, obìnrin tó ń gba ẹrù bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé sìgá oníbátìrì wà nínú àpótí yìí?"

"Rárá."

"Tó bá wà níbẹ̀, ẹ ṣì lè mú un jáde báyìí. Kò sí wàhálà."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń wò ó. Ojú tì í. "Mo ní rárá."

Ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ láìsí ìyọnu, nítorí báàgì ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó wọ bàálù, ó jókòó, ó di bẹ́líìtì. Kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń to àpótí léra wọn nísàlẹ̀, nǹkan ti tẹ bọ́tìnnì féèpù kan. Ó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀, títí èéfín fi yọ. Ọkùnrin kan tó ń kó ẹrù fi ọwọ́ fa àpótí náà jù sílẹ̀. Iná jó o dé ọrùn ọwọ́.

Wọ́n wá mú Onílífíìtì lórí ìjókòó rẹ̀. Ní yàrá kékeré kan, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Tó bá jẹ́ pé bàálù ti gbéra ńkọ́?"

Onílífíìtì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Láti ojú fèrèsé, ó rí i tí bàálù náà ń lọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìpè kan péré ni wọ́n gbà á láàyè láti pe ilé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ìyá ti wẹ̀, ó ti múra láti ìdájí. Kí ni kí n sọ fún un?"

5.

Nígbà tó dé ilé, ìyá rẹ̀ wà lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín sí i, irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín sí àlejò.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ọ̀dọ̀ ọmọ mi lẹ ti ń bọ̀?"

Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyẹn yíjú sí ògiri.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," ni Onílífíìtì dáhùn. "Ó ní kí n kí yín."

"Á tó dé. Ẹ bá mi jókòó dè é."

Ó fa àga kan, ó jókòó tì í. Àwọn méjèèjì sì jọ ń wo ojú ọ̀nà.

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá ń fa féèpù tí ẹ sì fẹ́ wọ bàálù, ẹ má gbé e sínú àpótí ńlá láéláé. Ẹ pa á, ẹ fi sínú báàgì ọwọ́, ẹ má sì fà á nínú bàálù. Ẹ kọ́kọ́ wádìí pẹ̀lú, torí àwọn ilẹ̀ kan wà tí òfin wọn kò gbà á wọlé rárá. Bí wọ́n bá sì bi yín léèrè, ẹ sọ òótọ́. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan kì í pa ènìyàn.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.