Ìrìn Ìrọ̀lẹ́ Olúrótìmí

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Olúrótìmí fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì fẹsẹ̀ rìn jáde nílé wọn ní Bódìjà. Ó ti fín lọ́fíńdà, ó ń súfèé. Láwùmí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé obìnrin ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin tó ní ọkọ̀ kì í ṣàdédé fẹsẹ̀ rìn.

Kò pẹ́ tó fi mọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, Àníọlá lorúkọ rẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan ní Ring Road. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ni tọkọtaya lọ ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ gún Láwùmí lọ́mọ ìka, ó ní ṣúgà ara rẹ̀ ti ń sún mọ́ ti alátọ̀gbẹ, pé kó máa rìn dáadáa, kó sì dín ohun dídùn kù.

“Àtọ̀gbẹ? Kì í ṣe ìpín mi,” ni Láwùmí wí. “Ṣé kí n lè máa fẹsẹ̀ rìn ni mo ṣe ra mọ́tò?”

Àtọ̀gbẹ yìí kan náà ló pa ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí ti fẹnu kò pé àwọn aráyé ló ṣe é. Ó jáde, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ṣí ìgò móòtì dídùn kan, ó ń mu ún. Ohun tó dùn ún ni pé Olúrótìmí kò tètè tẹ̀ lé e. Láti inú ọkọ̀ ló ti rí Olúrótìmí àti nọ́ọ̀sì lẹ́bàá fèrèsé, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí nọ́ọ̀sì ń tẹ nọ́ńbà sínú fóònù ọkọ rẹ̀.

Ó sáré tọ Fúnlọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, tó ń ránṣọ ní Agbowó.

“Ìyá Ìrẹ̀mídé, má bá a jà o,” ni Fúnlọ́lá wí. “Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣáà máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Àmọ́ má gbé mọ́tò o, á dá a mọ̀. Ẹsẹ̀ ni kó o fi rìn.”

Ni Láwùmí bá di ẹlẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ pin nínú rẹ̀. Àánú Ọlọ́run ni pé okùn bàtà Olúrótìmí ń tú ṣáá, ìgbàkígbà tí Láwùmí bá sì fara ti ògiri ni ọkùnrin náà ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so ó. Kò bojú wẹ̀yìn rí. Ó rìn dé Agbowó, ó kí èèyàn, ó padà sílé.

“Ó gbọ́n,” ni Láwùmí wí sínú.

Nígbà tó yá, Mọ́kọ́lá ló ń lọ. Bí ẹsẹ̀ Láwùmí ṣe ń yá sí i ni ti ọkùnrin náà ń yá sí i, ìyàwó rẹ̀ sì gbà pé àgbèrè ló ń gbóná.

Owú gba móòtì lẹ́nu rẹ̀. Iyán alẹ́ ò ṣeé jẹ fẹ́ni tó lúgọ sẹ́yìn ògiri onílé ní Mọ́kọ́lá. Nọ́ọ̀sì pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ni; Láwùmí búra pé kò sí pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí yóò gbalé mọ́ òun lọ́wọ́, ó gbájú mọ́ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣò.

“Ìbànújẹ́ ni,” ó wí fún Fúnlọ́lá, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà láti yunifásítì, kò mọ bí òun yóò ṣe gbé ayé láìsí rẹ̀. Fúnlọ́lá bá a dín ìbú aṣọ náà kù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Olúrótìmí yà sí Baṣọ̀run, ó wọ ilé alájà kan, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Láwùmí já gèlè, ó fi di ìbàdí, ó gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹ. Nọ́ọ̀sì Àníọlá ló bá ní pálọ̀, ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga.

“Olè! Ọkọ mi lo rí gbà? Olúrótìmí, gbogbo ìyà tí mo bá ẹ jẹ!”

Olúrótìmí bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti bó, ó kọjú sí nọ́ọ̀sì, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ṣúgà ìyàwó mi wò, kí n mọ̀ bóyá mo lè padà sínú mọ́tò mi, torí obìnrin yìí ò ní torí ẹ̀mí ara ẹ̀ rìn láé, àfi tó bá ń lé orogún.”