Ọwọ́ Lọ́rùn Olórin

Ọwọ́ Muqtadir fún òṣèrébìnrin kan lọ́rùn, obìnrin náà sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé eléyìí ti kọjá eré. Nígbà tí wọ́n ń ṣe eré yìí lórí ìtàgé, tí obìnrin náà ń ṣe olórin tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ pa, Muqtadir tó ń ṣe ọkọ òjòwú kàn máa ń rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lọ́rùn ni. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ gan-an ni Muqtadir, oṣù tó kọjá ni obìnrin náà sì kó ẹrù kúrò nílé ọkọ. Òní ni wọ́n wá ń ya eré náà sí fíìmù, nínú àgbàlá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

"Ta lo torí ẹ̀ fi mí sílẹ̀?" Muqtadir sọ ọ́ sí i létí kẹ́lẹ́.

Obìnrin náà fẹ́ kígbe, ohùn kò jáde. Ká ní orí ìtàgé ni, níbi tó ti ń kọrin fúnra rẹ̀, orin ì bá dá, èèyàn ì bá sì sáré wá. Ṣùgbọ́n sítúdíò kan ní Ìkòyí ni wọ́n ti gba orin rẹ̀ sílẹ̀ fún fíìmù náà. Ohùn rẹ̀ ń dún ketekete nínú sípíkà.

"Ó dára gan-an!" Lázárò, olùdarí, ń pariwo lẹ́yìn kámẹ́rà. "Ẹ má dáwọ́ dúró!"

Ojú obìnrin náà ti ń ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá kiri, ó ba ọmọ ọlọ kan lẹ́bàá ògiri. Ó fi gbá Muqtadir lórí. Ó tún gbá a, ó tún gbá a, títí ọwọ́ ọkùnrin náà fi tú kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ dáwọ́ dúró!" Lázárò pariwo, àwọn tó ń ya fíìmù sì pàtẹ́wọ́. "Háà, ẹ̀jẹ̀ yẹn dà bí òótọ́! Bọ̀dá Muqtadir, ẹ dìde, ká tún un ṣe."

Muqtadir kò mira. Nínú sípíkà, ohùn obìnrin náà ṣì ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó má pa òun.